Kọ́ńtírólà ìléru kábọ́nù: dúdú èéfín lára jíà, líle tí kò pé, ètò tó ń dúró lójú kan

Arìnnà-Iná

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ìrànlọ́wọ́ ni mo ń wá lórí ètò tó wà nínú kọ́ńtírólà ìléru wa. Ìléru oníkòtò ni, iná mànàmáná ló ń lò, àyè inú rẹ̀ tó 1 m³. Jíà tí a fi irin 20MnCr5 ṣe là ń fi kábọ́nù sí ní awọ, oníbàárà sì fẹ́ kí kábọ́nù wọlé tó 1 mm. Náítírójìn láti inú ẹ̀rọ PSA (èyí tó ń yọ náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́; mímọ́ rẹ̀ jẹ́ 99.5%) pẹ̀lú mẹ́tánọ̀ọ̀lù ni gáàsì wa, própéènì la fi ń gbé kábọ́nù sókè. Kọ́ńtírólà náà ní lúùpù méjì (ìyẹn apá tó ń wọn nǹkan, tó sì ń darí rẹ̀), ọ̀kan fún ìgbóná, ọ̀kan fún kábọ́nù pẹ̀lú próòbù ọ́síjìn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Jíà ń jáde pẹ̀lú dúdú èéfín lára. Líle ojú rẹ̀ jẹ́ 54 sí 56 HRC (ìwọ̀n líle irin), nígbà tí ìwé iṣẹ́ ní kó wà láàárín 58 àti 62. Lọ́sàn-án, ètò náà máa ń dúró sí 922°C, kò ní kọjá sí ìpele tó kàn, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan.

Ohun tó wà nínú kọ́ńtírólà: 925°C, kábọ́nù 1.05% láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, CO factor (iye gáàsì kábọ́nù mónọ́ksáìdì, CO, tí a sọ fún un) 23, holdback (iye tí ìgbóná lè fi jìnnà kí aago ètò tó dúró) 2°C. Ìléru máa ń wà ní 850°C nígbà tí a bá ń gbé ẹrù wọlé.

Ọ̀gá Ohun-Èlò

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ gbogbo iye sílẹ̀, ó dín ìbéèrè kù. Ẹ jẹ́ ká mú ti dúdú èéfín kọ́kọ́, torí ó lè wà nídìí àwọn yòókù.

Próòbù ọ́síjìn kì í sọ òótọ́ nígbà tí kò bá gbóná tó. Lábẹ́ nǹkan bíi 700°C, ẹ má fọkàn tán seramiki zirconia inú rẹ̀. Kódà tó bá gbóná, lẹ́yìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹrù tútù wọlé tí náítírójìn ṣì ń fọ inú ìléru, gáàsì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí ìṣirò kọ́ńtírólà gbà pé ó wà. Kọ́ńtírólà á wo próòbù, á rí kábọ́nù tó kéré gan-an; ẹ sì ti pàṣẹ fún un pé 1.05% lẹ fẹ́. Kí ló máa ṣe? Á ṣí fáàfù própéènì gbayawu. Integral rẹ̀ (apá ìṣirò tó ń ka àṣìṣe jọ) á máa kó jọ ní gbogbo àsìkò yẹn, débi pé nígbà tí kábọ́nù bá tiẹ̀ dé ibi tó yẹ, fáàfù kò ní tètè padà. Própéènì tí irin kò lè gbà á já sí dúdú, dúdú náà á bo jíà, á bo próòbù pẹ̀lú. Irin tí dúdú bá ti bò kò rí gáàsì gbà dáadáa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí ìgbóná àti gáàsì wà nínú ètò kan ṣoṣo, kí ìpele kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣe. Bí èmi bá kọ ọ́ rèé:

Ìpele 1. Ẹrù ti wọlé, ìdérí ti pa. Setpoint (ìwọ̀n tí ẹ fẹ́) 880°C. Náítírójìn 10 m³ ní wákàtí kan. Mẹ́tánọ̀ọ̀lù pa, própéènì pa, lúùpù kábọ́nù wà ní manual (kò darí ara rẹ̀) pẹ̀lú output (àṣẹ tó ń lọ sí fáàfù) 0%. Ẹ má kàn fi setpoint sí 0, torí integral lè ṣì máa ṣiṣẹ́ nínú àwọn kọ́ńtírólà kan. Ohun méjì ló gbọ́dọ̀ pé kó tó kọjá: ìṣẹ́jú 30 ti pé, ìgbóná sì ti ju 800°C lọ. Ọ̀kan kò tó.

Ìpele 2. Mẹ́tánọ̀ọ̀lù ṣí, náítírójìn wálẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ 4 m³ gáàsì ní wákàtí, tí ẹ fẹ́ kí náítírójìn jẹ́ 40% kí mẹ́tánọ̀ọ̀lù tó ti tú jẹ́ 60%, náítírójìn á jẹ́ 1.6 m³. 2.4 m³ tó kù á wá láti ara mẹ́tánọ̀ọ̀lù. Lítà mẹ́tánọ̀ọ̀lù kan ń tú di nǹkan bíi 1.66 m³, nítorí náà ẹ fi í sí 1.45 lítà ní wákàtí. Gáàsì tó jáde níbẹ̀ á ní CO 20%, háídírójìn 40%, náítírójìn 40%. Ẹ gun 925°C nínú ìpele yìí, kí lúùpù kábọ́nù ṣì wà ní pípa.

Ìpele 3. Ẹ dúró ní 925°C fún ìṣẹ́jú 30, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí jíà bá nípọn, kí àárín ẹrù lè bá ẹ̀gbẹ́ dọ́gba. Ní ìparí rẹ̀ ni lúùpù kábọ́nù á tó bọ́ sí auto.

Ìpele 4 ni ti gbígbé kábọ́nù ga, ìpele 5 ni ti jíjẹ́ kó tàn wọlé. Mo fi iye àkókò wọn sílẹ̀ fún Ìyá Láàbù.

Ìpele 6. Ìgbóná á sọ̀ kalẹ̀ sí 840°C, kábọ́nù 0.80%, ẹ dúró ìṣẹ́jú 30. Ẹ rí i dájú pé kábọ́nù ti wá sí 0.80% KÍ ìgbóná tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Irin ní 925°C lè gba kábọ́nù tó 1.2% àti díẹ̀ sí i. Ní 840°C, kò ju nǹkan bíi 1% lọ. Tí ẹ bá gbé 1.05% sọ̀ kalẹ̀, dúdú èéfín tuntun lẹ ń dá sílẹ̀ yẹn.

Ìpele 7. Própéènì pa, mẹ́tánọ̀ọ̀lù pa, náítírójìn padà sí 10 m³, àláàmù á pe àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ má ṣí ìdérí kí fífọ̀ náà tó parí. Lẹ́yìn náà, jíà lọ sínú epo.

Wáyà-Pupa

Ètò yìí dáa. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dà á kọ, kó ka èyí kó tó fọwọ́ kan nǹkan.

Ìpele inú ètò kì í ṣe ohun ààbò. Event output (kọ́ńtáàtì tí ètò fi ń tan nǹkan) tó ń ṣí fáàfù mẹ́tánọ̀ọ̀lù lè lẹ̀, ẹnìkan sì lè tẹ bọ́tìnì kó fò kọjá ìpele 1. 750°C ni ìwọ̀n tí ìlànà ààbò ilẹ̀ Yúróòpù fi lélẹ̀ fún gáàsì tó lè gbiná; ti Amẹ́ríkà, NFPA 86, jẹ́ 760°C. Lábẹ́ rẹ̀, gáàsì lè kó jọ láìjó, kó wá bú lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, tẹ́mókọ́pù (ohun tó ń wọn ìgbóná) tirẹ̀ lọ́tọ̀ àti limit controller (kọ́ńtírólà ààbò) tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà, kí kọ́ńtáàtì rẹ̀ wà lójú wáyà tó ń lọ sí fáàfù mẹ́tánọ̀ọ̀lù àti própéènì. Kó má gba inú kọ́ńtírólà kọjá rárá.

Lójú wáyà kan náà, ẹ fi àwọn wọ̀nyí sí i: flow switch náítírójìn (èyí tó ń jẹ́rìí pé ó ń ṣàn), ẹ̀rí pé fáànù ń yí, àti táìmà fífọ̀. Táìmà náà gbọ́dọ̀ padà sí odo tí náítírójìn bá já sílẹ̀ láàárín. Ìlànà ni pé kí náítírójìn wọlé tó ìlọ́po márùn-ún àyè inú ìléru, kí ọ́síjìn sì wà lábẹ́ 1%. Fún 1 m³, 5 m³ ni, ìyẹn ìṣẹ́jú 30 pẹ̀lú 10 m³ ní wákàtí. Gáàsì tó bá wọ ibi gbígbóná máa ń wú, ní 850°C ó tó ìlọ́po mẹ́rin, torí náà ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún ju márùn-ún lọ. Ẹ má fi ìyẹn gé àkókò kúrú. Ẹ jẹ́ kó wà bí àlékún.

Fáàfù náítírójìn tó ń fọ inú ìléru gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ tí iná bá lọ. Ti mẹ́tánọ̀ọ̀lù àti própéènì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tó máa ń pa fúnra rẹ̀. Kí ẹ ní sílíńdà náítírójìn ní ìpamọ́, torí PSA náà dúró nígbà tí iná lọ, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ náà dúró.

Nínú kọ́ńtírólà, ẹ wo ohun tó máa ṣe tí iná bá padà dé. Ọ̀pọ̀ wọn ní bíi mẹ́ta: kó máa bá iṣẹ́ lọ, kó gùn padà láti ibi tí ìgbóná wà, tàbí kó fi ètò sílẹ̀. Ẹ yan gígùn padà fún ìgbóná. Fún gáàsì, ẹ jẹ́ kó padà sí fífọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, láìka bí iná ti pẹ́ tó kó tó dé. Ìṣẹ́jú 30 kì í ṣe owó ńlá.

Kí àláàmù CO wà nítòsí ìléru. Gáàsì yẹn ní CO 20%, kò ní òórùn. Iná mẹ́tánọ̀ọ̀lù fúnra rẹ̀ kì í hàn sójú dáadáa lọ́sàn-án, torí náà ẹni tó bá rí páìpù tó ń jò kó má rò pé kò jó torí pé kò rí ọwọ́ iná.

Nípa 922°C. Lọ́sàn-án ló ń ṣẹlẹ̀, àbí? Ẹ wọn fóltéèjì tó dé ojú element (wáyà tó ń gbóná nínú ìléru). Agbára element ń bá fóltéèjì lọ ní ìlọ́po ara rẹ̀. Tó bá yẹ kó jẹ́ 415 V tí ẹ rí 350 V, agbára tó kù jẹ́ 71% péré. Output kọ́ńtírólà á wà ní 100%, ìgbóná kò ní gùn mọ́. Holdback 2°C á wá so ètò mọ́ ibẹ̀: tí ìgbóná bá fi ju 2°C lọ jìnnà sí setpoint, aago ètò dúró. Ẹ sún un sí 5°C. Àmọ́ ẹ má pa á o, torí òun ló ń jẹ́ kí àkókò tí ẹ kà jẹ́ àkókò tí irin fi wà ní ìgbóná lóòótọ́. Ẹ tún wò ó bóyá ẹnìkan ti fi output limit sí 80%.

Ìyá Láàbù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkókò ìpele 4 àti 5.

Ìjìnlẹ̀ kábọ́nù ní 925°C jẹ́ nǹkan bíi 0.635 mm fún wákàtí àkọ́kọ́, ó sì ń bá square root àkókò lọ. Fún 1 mm: 1 pín sí 0.635, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ó jẹ́ wákàtí 2.5. Ìjìnlẹ̀ gbogbo nìyẹn o. Tí ìwé iṣẹ́ bá fi líle 550 HV (ìwọ̀n Vickers) wọn ìjìnlẹ̀, kì í dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ó fi àkókò kún un lẹ́yìn tí ẹ bá gé jíà kan wò.

Fún pínpín rẹ̀: kábọ́nù inú irin 0.20%, èyí tí ẹ fẹ́ lójú ní ìparí 0.80%, èyí tí ẹ fi gbé e ga 1.05%. Ẹ mú 0.60 pín sí 0.85, ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ ìdajì. Ìdajì wákàtí 2.5 ni ìpele 4, ìdajì ni ìpele 5: ìṣẹ́jú 75 ní 1.05%, ìṣẹ́jú 75 ní 0.80%. Ẹ jẹ́ kí ìpele 4 ní holdback kábọ́nù náà, kí aago má kà tí kábọ́nù bá wà lábẹ́ 1.00%.

Àwọn ètò tó ń gbé 1.05% lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ń fi kábọ́nù púpọ̀ jù sílẹ̀ lójú jíà. Austenite (irú irin tó rọ̀) á ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn epo, líle á sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n 54 HRC tún lè wá láti ibi tí kábọ́nù kò tó. Méjèèjì jọra lójú ẹ̀rọ ìwọ̀n líle. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan kí ẹ tó mọ èyí tó jẹ́.

Shim ni yóò sọ. Ẹ gé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ 0.1 mm tí kábọ́nù rẹ̀ kéré. Ẹ fi acetone nù ún, ẹ má fi ọwọ́ lásán dì í mú. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n tó ń ka 0.1 mg. Ẹ tì í sínú ìléru nígbà tí 925°C àti kábọ́nù ti dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 30. Nígbà tí ẹ bá fà á jáde, ẹ fi í sínú páìpù tútù ẹnu ihò fún ìgbà díẹ̀, kí gáàsì ìléru ṣì yí i ká, kí ó tó rí afẹ́fẹ́. Tó bá jáde ní dúdú, ẹ kó o dànù, ẹ tún un ṣe. Tó bá mọ́, ẹ wọ̀n ọ́n: ohun tó fi wúwo sí i, pín in sí ìwúwo ìkẹyìn, ìlọ́po 100, ẹ fi kábọ́nù àkọ́kọ́ inú rẹ̀ kún un.

Arìnnà-Iná

Ẹ ṣeun gidi, mà. A ti ṣe shim náà ní 925°C, kọ́ńtírólà ń fi 0.85% hàn. Ó mọ́ nígbà tó jáde. Ìwúwo àkọ́kọ́ 1.2500 g, ìkẹyìn 1.2585 g. Kábọ́nù shim náà láti ilé-iṣẹ́ jẹ́ 0.06%. Fóltéèjì ọ̀sán: 352 V.

Ìyá Láàbù

0.0085 pín sí 1.2585 jẹ́ 0.675%. Fi 0.06 kún un, ó jẹ́ nǹkan bíi 0.74%. Kọ́ńtírólà ní 0.85%, irin ní 0.74%. Kábọ́nù kò tó.

Ọ̀gá Ohun-Èlò

Iye yẹn gan-an ló ń tọ́ka sí CO factor. 23 wà fún gáàsì endothermic tí a fi própéènì ṣe, CO rẹ̀ máa ń tó 23% tàbí díẹ̀ sí i. Ti yín jẹ́ 20. Próòbù kò mọ CO, ọ́síjìn nìkan ló mọ̀. Kọ́ńtírólà ló ń gba CO lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá sọ fún un pé CO pọ̀ ju bó ti rí lọ, á ṣírò kábọ́nù ga ju bó ti rí lọ. Ẹ wò ó: 20 pín sí 23 jẹ́ 0.87. 0.74 pín sí 0.85 jẹ́ 0.87. Ẹ fi í sí 20, kí ẹ tún shim ṣe. Tí ìyàtọ̀ tó bá kù kò bá ju 0.03% lọ, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kọ́ńtírólà kan ń pè é ní CO factor, òmíràn ń pè é ní process factor, ìṣirò wọn kò sì rí bákan náà. Process factor 150 kì í ṣe CO 150%. Ẹ wo ìwé kọ́ńtírólà yín.

Kí ẹ tó tún factor ṣe nígbàkígbà, ẹ yẹ próòbù wò kọ́kọ́, torí ní 925°C, mV (fóltéèjì kékeré tí próòbù ń gbé jáde) 10 péré lè yí kábọ́nù padà ju 0.1% lọ. Láàárín 0.8% àti 1.05%, mV tí ẹ máa rí wà láàárín 1,100 àti 1,170. Ẹ ṣe impedance test (ìwọ̀n ìdènà iná inú próòbù) pẹ̀lú rẹ̀sísítọ̀ 10 kΩ nígbà tí ìléru gbóná dáadáa. Tó bá ti ju 50 kΩ lọ, próòbù náà ti ń gbó. Afẹ́fẹ́ reference rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní epo tàbí omi nínú, nǹkan bíi ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú kan ti tó. Ẹ má fi páìpù kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sí i tààrà. Páǹpù kékeré bíi ti ibi ìtọ́jú ẹja dára jù ú lọ.

Ẹ tún fi burn-off sínú ètò: afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 8 sí 12, kí ó jó dúdú orí próòbù dànù. Kábọ́nù á dà bíi pé ó já sílẹ̀ lásìkò yẹn, nítorí náà lúùpù gbọ́dọ̀ di output rẹ̀ mú títí mV yóò fi padà bọ̀ sípò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ própéènì á tún ṣí gbayawu.

Wáyà-Pupa

Fún PID, ìyẹn iye mẹ́ta tó ń darí lúùpù. Ti ìgbóná, ẹ lè lo autotune (kí kọ́ńtírólà wá iye náà fúnra rẹ̀), àmọ́ ẹ ṣe é ní ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, láàárín 850 àti 925°C, pẹ̀lú ẹrù nínú rẹ̀, fáànù ń yí, gáàsì ń ṣàn. Autotune tí ẹ ṣe nínú ìléru tútù tó ṣófo kò wúlò. Ti kábọ́nù, ẹ má lo autotune. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú proportional band 0.3%, integral ìṣẹ́jú 10, derivative odo, kí ẹ sì máa fi sùúrù yí i. Ẹ fi fáàfù abẹ́rẹ́ dí ọ̀nà própéènì, débi pé tí kọ́ńtírólà bá tiẹ̀ ṣí i tán, kò ní ju 5% gáàsì yín lọ, ìyẹn 0.2 m³ ní wákàtí.

Tẹ́mókọ́pù yín, irú wo ni? Tó bá jẹ́ K, ẹ ṣọ́ra. Láàárín 800 àti 1,050°C, nínú gáàsì tí ọ́síjìn rẹ̀ kéré, chromium inú wáyà rẹ̀ máa ń jẹrà, á wá máa ka ìgbóná sí kékeré. Kọ́ńtírólà á gbóná rékọjá, ẹ kò ní mọ̀. Irú N dára jù ú lọ níbí, irú S tó wà nínú ọpọ́n seramiki dára ju méjèèjì lọ. Ẹ yí irú tó wà nínú kọ́ńtírólà padà tí ẹ bá yí tẹ́mókọ́pù, kí ẹ sì yí wáyà compensating tó so ó mọ́ kọ́ńtírólà náà. Ní ọ̀nà ti IEC (ìlànà àgbáyé), irú K jẹ́ aláwọ̀ ewé, funfun ni òdì rẹ̀. Ní ti Amẹ́ríkà, yẹ́lò ni rere, PUPA ni òdì. Ọ̀pọ̀ àwọn oníná wa gbà pé pupa ni rere, wọ́n á sì fi í síbẹ̀. Kí sensor break jẹ́ upscale (kó ka ìgbóná sí gíga jù), kí ìléru pa tí wáyà bá já.

Ìgbóná tí kò tọ̀nà tún ń ba ìṣirò kábọ́nù jẹ́: tí iye tí próòbù ń gbà bá fi 10°C ga ju bó ti yẹ lọ, kábọ́nù tí ẹ rí á fi nǹkan bíi 0.04% kéré.

Arìnnà-Iná

Irú K ni, ó ti pẹ́ níbẹ̀. A ó pààrọ̀ rẹ̀ sí N. Ìbéèrè méjì ló kù. Náítírójìn PSA 99.5%, ṣé kò ní bọ́ kábọ́nù kúrò lára jíà nínú ìṣẹ́jú 30 ìpele 7? Oníbàárà mìíràn sì fẹ́ 2 mm, ṣé kí n sọ ìṣẹ́jú 75 di 150?

Ìyá Láàbù

Á bọ́ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. 0.5% ọ́síjìn ní 840°C fún ìdajì wákàtí kì í ṣe ohun kékeré fún ojú jíà. Lákòókò ìpele 4 àti 5, ó tún ń jẹ CO àti própéènì, ó wà lára ìdí tí própéènì fi ń pọ̀. Ọ̀nà tó dára ni kí ẹ lo náítírójìn olómi fún ìpele 7 nìkan. Ọ̀nà kejì ni analyser tó ń wọn gáàsì tó lè gbiná: kí ìpele 7 parí nígbà tí analyser bá fi hàn lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra pé ó ti lọ sílẹ̀ sí ìwọ̀n ààbò. Láìsí analyser, Wáyà-Pupa ló tọ̀nà, ẹ má gé ìṣẹ́jú 30.

Fún 2 mm, rárá. Ìlọ́po méjì ìjìnlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin àkókò. Wákàtí 10 lápapọ̀, ìyẹn wákàtí 5 ní 1.05%, wákàtí 5 ní 0.80%. Burn-off á bọ́ sáàárín rẹ̀, torí náà ẹ gbé e sí ìbẹ̀rẹ̀ ìpele 5, nígbà tí kábọ́nù ń wálẹ̀ lọ́nàkọnà. Ẹ so jíà àyẹ̀wò méjì mọ́ ẹrù àkọ́kọ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ẹ gé wọn wò kí ẹ tó gba ẹrù kejì.

Ọ̀gá Ohun-Èlò

Kí ẹ sì fi shim ṣe àyẹ̀wò láàárín wákàtí kejì ẹrù 2 mm yẹn, kó tó pẹ́ jù láti tún factor ṣe. Tí output fáàfù própéènì bá wà lókè 60% fún ìgbà pípẹ́ níbẹ̀, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara sílì ìdérí, lẹ́yìn náà ọ̀pá fáànù.